Àgbọ̀nrín tó gbọgbẹ́ ní Texas: ta ló lè fi ajá wá a, ta ló lè fi dírọ́ọ̀nù wá a?

Ká ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tí àsìkò àwọn ọlọ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Texas. Ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Alief, ní Houston, tó máa ń fi dírọ́ọ̀nù ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà, ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló pè é. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ta àgbọ̀nrín kan lọ́fà lẹ́bàá Livingston. Ó gbọgbẹ́, ó sá wọgbó, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ẹ bá mi gbé dírọ́ọ̀nù yín wá, ẹ bá mi wò ó láti òkè."

Ìrìn tó lé díẹ̀ ní wákàtí kan ni láti Houston sí Livingston. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò lọ. Ẹran wà nínú igbó tó ń jẹ̀rora, àbúrò ẹni ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rọ sì wà nínú ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ṣì kún. Bẹ́ẹ̀ oore yìí lè gbé àwọn méjèèjì dé iwájú adájọ́. Tí ẹ̀gbọ́n náà bá sì sọ pé òun kò ní gbé dírọ́ọ̀nù, pé ajá aládùúgbò òun tó mọ òórùn ẹ̀jẹ̀ dáadáa ni òun máa mú wá, ẹjọ́ ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé Livingston wà nínú Polk County. Ká ní Harris County, tí ìlú Houston wà, ni àbúrò náà ti ta ọfà rẹ̀, ajá náà ì bá lọ láìsí wàhálà.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dà báyìí? A rò pé ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ ọ́n, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ yín lọ sígbó. Ohun tí a ń kọ síbí, ìwé ìlànà ọdẹ ti Texas fún àsìkò 2024 sí 2025 la gbé e lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òfin gbà ṣe ọ̀rẹ́ ẹran. Ní Texas, ẹni tó bá pa ẹran tàbí tó ṣá a lọ́gbẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣíjú kúrò kó máa lọ sílé. Òfin ní kó sa gbogbo ipá tó bọ́gbọ́n mu láti rí i, kó sì lo ẹran náà. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kó jẹrà ti ṣẹ̀. Àwa tí a dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sọ pé a kì í fi oúnjẹ ṣòfò kò ní rí àléébù nínú èyí.

Ṣùgbọ́n wíwá ẹran tó gbọgbẹ́ kò rọrùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fídíò. Ọfà kò dà bí ìbọn; ẹ̀jẹ̀ dídà ló fi ń pa ẹran. Bí ọfà bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, àgbọ̀nrín kì í lọ jìnnà kó tó ṣubú. Bó bá jẹ́ inú ló bà, ó lè rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó kú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló sì máa ń kán sílẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ ọdẹ ni pé kó jókòó, kó má lé e, torí bó bá lé e, ẹran á dìde á sì tún sá lọ. Ẹ wá ro oṣù Kẹwàá ní agbègbè Houston, tí ooru ṣì ń mú bíi ti ẹ̀ẹ̀rùn wa. Bí ọdẹ bá dúró di àárọ̀, ẹran lè ti bàjẹ́, tàbí kí àwọn ìkookò kékeré tí wọ́n ń pè ní coyote ti jẹ ẹ́ kù. Bí òjò bá rọ̀ lóru, ipa ẹ̀jẹ̀ ti lọ nìyẹn. Òfin ní kó o wá a, àkókò ní kó o yára, ọgbọ́n ọdẹ ní kó o dúró. Ibi tí ajá ti wúlò nìyí, ibi tí dírọ́ọ̀nù náà sì ti ń yọjú nìyí.

Ọ̀rọ̀ ajá ni ká kọ́kọ́ mú. Ní àsìkò 2024 sí 2025, Texas gbà kí ọdẹ lo ajá láti tọpa àgbọ̀nrín tó gbọgbẹ́, kó má ṣáà ju ajá méjì lọ. County mẹ́wàá ló yọ sílẹ̀ nígbà náà, tí kò gba ajá kankan rárá: Angelina, Hardin, Jasper, Nacogdoches, Newton, Orange, Polk, Sabine, San Augustine àti Tyler. Gbogbo wọn wà ní ìlà oòrùn ìpínlẹ̀ náà, nínú igbó igi páìnì tó lọ títí dé ààlà Louisiana. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi orúkọ mú o: Houston County wà ní ìlà oòrùn Texas níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú Houston wa yìí, kò sì sí nínú àwọn mẹ́wàá náà.)

Kí ló dé tó jẹ́ ìlà oòrùn nìkan? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Látìgbà pípẹ́ ni àwọn ará igbó páìnì ti ń fi ajá lé àgbọ̀nrín. Wọ́n á tú ajá púpọ̀ sílẹ̀, àwọn ọdẹ á lọ dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn, ajá á lé ẹran wá bá wọn. Ní ayé àtijọ́, igbó ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ igi gẹdú tàbí ti onílẹ̀ tó ń gbé lókèèrè, aládùúgbò á wọ ibẹ̀ ṣọdẹ, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbó wọn háyà fún àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ tó ń sanwó lọ́dọọdún, wọ́n fi wáyà yí i ká, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ sára igi. Ajá kò mọ wáyà. Ẹni tó san owó ńlá láti jókòó jẹ́ẹ́ lórí igi kan á kàn rí ajá mẹ́wàá tó ń gbó kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹran rẹ̀ á sì fọ́n ká. Ìjà pọ̀. Àgbọ̀nrín náà kò sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Ní ọdún 1990, ìjọba Texas fòpin sí fífi ajá lé àgbọ̀nrín pátápátá.

Ẹ kíyè sí i pé fífi ajá lé ẹran tí ara rẹ̀ le ni wọ́n fòfin dè. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibi tí àṣà náà ti rinlẹ̀ jù, ìjọba bẹ̀rù pé ẹni tí ọlọ́pàá igbó bá mú pẹ̀lú ajá á kàn sọ pé, "Àgbọ̀nrín tó gbọgbẹ́ ni mò ń wá." Ta ló máa jẹ́rìí pé irọ́ ni? Nítorí náà wọ́n ti ilẹ̀kùn méjèèjì pa níbẹ̀. Àwọn county tí òfin yìí kàn ju mẹ́wàá lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tú àwọn kan sílẹ̀ lẹ́yìn náà, Harris wà lára wọn, ó wá ku mẹ́wàá tí a kà yìí ní àsìkò 2024 sí 2025. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fòfin de ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Lójú tiwa, ó ti pẹ́ jù.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn rí ọ̀nà tó rọrùn gbà: okùn. Ní New York, láàárín àwọn ọdún 1970, ọ̀gbẹ́ni John Jeanneney bẹ̀rẹ̀ sí í fi ajá dachshund, ajá kékeré ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn, tọpa àgbọ̀nrín tó gbọgbẹ́. Òkun ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ náà bí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò ju kí ajá wà lórí okùn, kí ẹni tó dì í mú máa tẹ̀ lé e. Ajá orí okùn kò lè lé ẹran tí ara rẹ̀ le. Kò sì lè fo wáyà láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ fò ó pẹ̀lú rẹ̀. Texas, iye ajá ló gbájú mọ́ ní tirẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà fẹ́ràn iye yẹn: òfin ọdẹ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004 fún England àti Wales gbà kí ènìyàn lo ajá, kó má ju méjì lọ, láti wá ẹranko igbó tó fara pa kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ìrora. Ní Jámánì, ojúṣe ọdẹ gan-an ni; wọ́n ní irú ajá tí wọ́n dìídì ń sìn fún títọpa ẹ̀jẹ̀, ọdẹ tí kò bá sì rí ajá bẹ́ẹ̀ pè lójú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó lọ sóko láìmú àdá.

Àwọn bàbá wa kò ní rí ohun tuntun nínú gbogbo èyí. Ọdẹ Yorùbá àti ajá rẹ̀ ti wà tipẹ́. Òwe ni ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń fi sọ ajá lórúkọ, tí wọ́n á fi máa bá aládùúgbò tí kò fẹ́ràn wọn sọ̀rọ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí; èyí fi hàn pé ajá tó ń gbọ́ fèrè ni ajá ọdẹ lójú wọn, kì í ṣe ajá tó kàn ń sáré kiri. Ìjà lórí ẹran tí ọdẹ kan ṣá lọ́gbẹ́, tí ọdẹ mìíràn parí, kò sì ṣàjèjì sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọdẹ nílé. Ohun tó yàtọ̀ ni wáyà. Nílé, bí ẹran tó gbọgbẹ́ bá kọjá sínú igbó ìdílé mìíràn, ọdẹ á tọ̀ ọ́ lọ, ó lè gbé itan kan fún onígbó kó tó kọjá. Ní Texas, tó jẹ́ pé ìdá tó ju 90 lọ nínú 100 ilẹ̀ ibẹ̀ ló jẹ́ ti aládàáni, ọdẹ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹran tó gbọgbẹ́ kọjá ààlà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ tó wà lódìkejì, ì báà jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló fi ń wo ẹran náà níbi tó ṣubú sí. Ẹni tó bá ṣọdẹ àgbọ̀nrín lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ lè rí ẹ̀sùn tí wọ́n ń pè ní felony. Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín kò tíì parí, ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dírọ́ọ̀nù wá yàtọ̀. Ní ọdún 1971, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin kan nítorí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ yìnbọn pa ìkookò àti idì láti òkè. Òfin náà ka yíyìnbọn láti inú ọkọ̀ òfuurufú àti fífi ọkọ̀ náà yọ ẹranko lẹ́nu sí ẹ̀ṣẹ̀. Owó ìtanràn tó tó 5,000 dọ́là àti ẹ̀wọ̀n ọdún kan wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí a ṣe láti fò lójú ọ̀run ló pè ní ọkọ̀ òfuurufú. Kò sẹ́ni tó ń ronú dírọ́ọ̀nù nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú òfin náà fẹ̀ tó láti gbà á wọlé. Wíwá ẹran tó ti kú kò sí nínú rẹ̀ gbangba, ìyẹn ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ń ṣe tirẹ̀.

Ní àsìkò 2024 sí 2025, Texas ní tirẹ̀ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ òfuurufú, dírọ́ọ̀nù sì wà lára rẹ̀, ka ẹran ìgbẹ́, ya àwòrán wọn, darí wọn tàbí mú wọn. Onílẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àbójútó ẹranko àti ilẹ̀ ni ìwé àṣẹ náà wà fún nígbà náà, kì í ṣe fún ọdẹ tó ń wá ẹran tó ta lọ́fà nírọ̀lẹ́ Sátidé. Òfin kejì tún wà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2013, tó ka fífi dírọ́ọ̀nù ṣọ́ ènìyàn tàbí ilẹ̀ aládàáni sí ẹ̀ṣẹ̀. Onílẹ̀ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè pe ẹni náà lẹ́jọ́ fún 5,000 dọ́là, ó sì lè di 10,000 bí ẹni náà bá gbé àwòrán ọ̀hún síta. Àwọn oníròyìn pe òfin yìí lẹ́jọ́, adájọ́ kan sì dá wọn láre ní 2022, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àpapọ̀ tó wà ní New Orleans dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ibi tó pa wá lẹ́rìn-ín rèé o. Ní Texas yìí kan náà, láti ọdún 2011, onílẹ̀ lè gbowó lọ́wọ́ àlejò kó sì gbé e sínú hẹlikópítà kó lọ máa yìnbọn fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó láti òkè. Ní ọdún 2017, àwọn aṣòfin fi bálùù afẹ́fẹ́ gbígbóná kún un. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń ba oko jẹ́, a gbà. Síbẹ̀, ní àsìkò 2024 sí 2025, ó ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn pé ó lè wà nínú hẹlikópítà máa yin ìbọn, àmọ́ kò lè fi ẹ̀rọ tí kò tó àpò ẹ̀wà wá òkú àgbọ̀nrín.

Àwọn tó ń gbèjà dírọ́ọ̀nù ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Mike Yoder, ará Ohio, dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Drone Deer Recovery. Kámẹ́rà tó ń rí ooru ara ló fi ń wá ẹran tó ṣubú, yóò sì fi ibi tó wà han ọdẹ lórí máàpù. Ohio gbà á láyè. Michigan kò gbà. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2015 kò fẹ́ dírọ́ọ̀nù nínú ọ̀rọ̀ ọdẹ rárá. Yoder pe Michigan lẹ́jọ́ ní 2023, ó ní sísọ ibi tí ẹran wà fún ènìyàn jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ sì wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà. Ó fìdí rẹmi. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà kò dá a láre ní 2025. Ní Pennsylvania, ní ìparí ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá igbó ṣe bí ọdẹ, wọ́n pe ọkùnrin kan tó ní dírọ́ọ̀nù ní Lancaster County pé kó wá bá àwọn wá àgbọ̀nrín. Ó wá, ó gbé ẹ̀rọ sókè, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀sùn. Bí ìpè inú ìtàn wa lókè yìí ṣe rí gan-an nìyẹn.

Kí ni ẹ̀rù tó ń ba àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí? Lérò tiwa, ohun kan ló ya ajá àti dírọ́ọ̀nù sọ́tọ̀. Ajá tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé òórùn ẹran kan ṣoṣo, èyí tó gbọgbẹ́. Bí ogún àgbọ̀nrín bá kọjá lójú ọ̀nà yẹn, kò kàn án. Dírọ́ọ̀nù ń rí gbogbo ẹran tó wà nínú igbó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gbé e sókè láti wá èyí tó ń kú lọ á tún rí akọ ńlá tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn odò, á mọ ibẹ̀, á sì padà wá láàárọ̀. Kò sí bí ọlọ́pàá igbó ṣe lè pa ohun tí ojú ti rí rẹ́. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1887, ti sọ láti 2014 pé àwọn kò ní kọ orúkọ ẹran tí wọ́n fi dírọ́ọ̀nù ràn lọ́wọ́ láti pa sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn.

Ṣùgbọ́n dírọ́ọ̀nù náà kò ní agbára tó bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Kámẹ́rà ooru nílò ara tó ṣì gbóná, ojú rẹ̀ kò sì lè la ewé tó ṣú kọjá. Igi páìnì kì í wọ́wé. Nínú igbó Polk àti Tyler, àwọn ibi tí wọn kò ti gba ajá ní àsìkò 2024 sí 2025 gan-an, dírọ́ọ̀nù á kàn máa yí lójú ọ̀run ni. Gúúsù Texas, níbi tí igbó ti kúrú tó sì gbẹ, ni á ti ṣiṣẹ́ dáadáa, ajá sì ti ní àyè níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé, bí ìjọba bá fẹ́ dín ìrora ẹran kù lóòótọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ gba ajá orí okùn láyè ní county mẹ́wàá yẹn. Dírọ́ọ̀nù lè tẹ̀ lé e pẹ̀lú àdéhùn tó le: kí onílẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ìbọn àti ọfà má sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí ẹni tó ń darí rẹ̀ má jẹ́ ọdẹ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń gbowó iṣẹ́ dírọ́ọ̀nù, ì báà ṣe ti ìgbéyàwó, gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí Part 107 ti àjọ FAA. Ìwé yẹn kò sọ ohun tí òfin ọdẹ kọ̀ di ohun tó gbà. Àjọ kan ló ń ṣàkóso ojú ọ̀run, àjọ mìíràn ló ń ṣàkóso ẹran. Nílé náà, ẹ kò lè kàn gbé dírọ́ọ̀nù sókè: ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò àti àjọ NCAA ni ẹ máa kọ́kọ́ kàn sí.

Kí wá ni ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Alief máa ṣe lálẹ́ Sátidé yẹn? Kó fi dírọ́ọ̀nù sílé. Kí àbúrò rẹ̀ fi aṣọ pupa sàmì sí ibi tó ti rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, kó pe onílẹ̀, kó sì pe ọlọ́pàá igbó tó wà ní county náà kó tó ṣẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n lè bá a bá onílẹ̀ tó wà lódìkejì wáyà sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀gbọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì wá bó bá fẹ́ wá, kí àwọn méjèèjì máa fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n máa wo ewé kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí ẹran náà, tí ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ gbé itan kan lọ sílé, kí àbúrò kọ ìwé kékeré tí òfin béèrè fún un, tó ní orúkọ àwọn méjèèjì, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì ọdẹ àti ohun tó fún un. Kó má sì rò pé òun máa tà á fún àwọn olóúnjẹ ní Bissonnet o. Títa ẹran àgbọ̀nrín igbó kò bófin mu ní Texas.

Ìlànà ọdẹ kì í dúró sójú kan. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí gómìnà yàn máa ń gbé àbá tuntun síta ní oṣù Kínní, wọ́n máa ń dìbò lé e ní oṣù Kẹta, ìlànà tuntun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Láàárín oṣù Kínní sí ìkẹta, ẹnikẹ́ni tó ń gbé Texas lè kọ èrò rẹ̀ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó lọ sọ ọ́ lójúkojú ní Austin. Àwọn onílẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ ńláńlá máa ń lọ. Àwọn tó ń sin ajá náà ti ń lọ.